Pákó Alága Kì Í Sùn Níbì Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró ná. Ẹ ó padà jókòó, kò ní í pẹ́. Orúkọ Alága ni mo fẹ́ dá, òfin káńsù sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìdí lélẹ̀ gbọ́ ọ. Ó yá: Ọnọrébù Olóyè Alàgbà Dókítà Jacob Kọ́ládé, Atúnlùúṣe Àgbáyé, Alága Káńsù Ìdàgbàsókè Odò-Ìgbín! Ẹ lè jókòó wàyí. Ẹ má wulẹ̀ wá káńsù náà lórí máàpù. Ẹ sáà mọ̀ pé téèyàn bá kọjá ìlú Ìrókò, tí ọ̀dà títì tán, tí kòtò bẹ̀rẹ̀, ó ti wọ ilẹ̀ Alága nìyẹn.

Ẹ ní Dókítà ńkọ́? Ẹ fẹ́ kó mi sí ìjàngbọ̀n. Yunifásítì kan ló fún un, inú íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni yunifásítì náà wà, kò ní ilé, kò ní olùkọ́, àfi ibi tí wọ́n ti ń gba owó. Ní ti Kọ́ládé, Fákọ́ládé ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Fákọ́ládé ni bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ́, òun náà sì jẹ́ ẹ títí ó fi di olóṣèlú. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tẹ pósítà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ní kí wọ́n yọ Ifá kúrò níwájú orúkọ náà, pé kò bá ọ̀làjú mu. Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, ó kéré tán lórí pósítà.

Háà, pósítà! Ojú ọkùnrin yìí fẹ́ẹ̀ pa wá. Ó wà lára ògiri ọjà, ó wà lára igi kòkó, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá. Pátákó ìpolówó tí wọ́n gbé síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ga ju ilé-ìwé fúnra rẹ̀ lọ, ó sì bo fèrèsé pa, inú òjìji etí Alága làwọn ọmọ ti ń kàwé. Bó o bá sá wọlé, inú fóònù ló ti ń dúró dè ọ́. O fẹ́ wo fídíò bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò ẹ̀gẹ́, Alága á kọ́kọ́ yọjú: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!" Kò ṣeé fò kọjá. Dátà rẹ ń lọ, òun ń rẹ́rìn-ín. Lórí Wasáàpù, wọ́n kó gbogbo wa sínú gúrúùpù kan tí wọ́n pè ní Ìdílé Ọnọrébù, bó o bá sì jáde láàárọ̀, wọn á ti fà ọ́ padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọkùnrin kan kú ní Abà Lànà, kí Ọlọ́run forí jì í, wọ́n ṣì ń fi ohùn Alága ránṣẹ́ sí i.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marvellous ló wà nídìí ẹ̀. Oyè tirẹ̀ ni Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún Alága lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, Fọ́tò àti Àtẹ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò le. Bí Alága bá ti ń mí, kí ó máa yà á ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí ọ̀rọ̀. Abà Lànà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yìí wà ní òdìkejì odò Ìgbín. Afárá tó wà níbẹ̀ ti jẹrà, ọkọ̀ kankan kò lè gbà á mọ́, igi ọ̀pẹ tí wọ́n gbé dábùú omi làwọn èèyàn ń tọ̀ bí ológbò. Ẹni tí ìyà afárá yìí jẹ jù ni Hàjàrá. Opó ni Hàjàrá, ata rodo ló ń gbìn, ọjà Ṣáṣá ló sì ń kó o lọ. Ní ìkórè tó kọjá, ata rẹ̀ pọ́n, ó dára, ọkọ̀ kò lè sọdá wá kó o. Ó rù ú lórí títí ọrùn fi kọ̀. Èyí tó kù rà sínú apẹ̀rẹ̀ létí odò níṣojú rẹ̀, omi pupa ń ro lára rẹ̀, Hàjàrá jókòó tì í, ó ń sunkún. Ó tún gbin òmíràn. Ó sì ti sọ fún Zubaidah, ọmọ rẹ̀, pé bí èyí náà bá rà, àwọn á fi oko sílẹ̀, àwọn á lọ máa fọ abọ́ fún olóúnjẹ ní Ṣáṣá. Nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, ata ọ̀hún ti ń pọ́n. Ata kì í sì í dúró de ìjọba.

Alága gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Abà Lànà. Ó gbọ́ ti àwọn abà yòókù pẹ̀lú, nítorí pé ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ti ń bọ̀, ó sì fẹ́ padà sórí àga. Abà tí kò ní afárá pọ̀ nílẹ̀ rẹ̀ ju abà tó ní in lọ. Káńsù ti ra pákó fún gbogbo wọn pátá. Lórí bébà ni o! Lójú ayé, ẹrù pákó kan ṣoṣo ni, pákó igi apá tó nípọn, tó ń dán, tó ń rùn dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù Sàníù ló ń gbé e kiri. Bí wọ́n bá dé abà kan, àwọn alááru á já pákó sílẹ̀ létí odò, Alága á gùn ún, á sọ̀rọ̀, Marvellous á ya fọ́tò, àwọn obìnrin á jó. Bí Alága bá ti jẹun tán, Sàníù á tún kó gbogbo rẹ̀ sọ́kọ̀ padà.

"À ń lọ fi oògùn ikán kùn ún ni," Alága á wí. "Pákó tí kò gba oògùn, ikán á jẹ ẹ́. Èmi Jacob kò sì ní í jẹ́ kí ikán fi èèyàn mi ṣe yẹ̀yẹ́!"

Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ á gbéra, ó di abà mìíràn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa bá ikán jiyàn? Àwọn abà tí pákó ti kọjá lọ́dọ̀ wọn ṣì ń retí rẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ dè é. Kò sí olóṣèlú kankan nílẹ̀ Odò-Ìgbín tó bẹ àwọn ará oko wò tó pákó yìí.

Lọ́jọ́ tó kan Abà Lànà, òwúrọ̀ ni wọ́n dé, nítorí Alága ní ibòmíràn láti lọ. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, wọ́n ti ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí iṣẹ́ Alága kí àwọn tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Abà Ògúnlọlá, tó wà níwájú díẹ̀, ni wọ́n máa dúró sí. Wọ́n ti ta àtíbàbà síbẹ̀, wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà kan kalẹ̀, kí àwọn àgbààgbà lè máa wo Alága lórí Fesibúùkù bó ti ń ṣiṣẹ́ ìlú bọ̀. Ta ló ronú kan tẹlifíṣọ̀n yìí? Alága fúnra rẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé pé Dókítà ni.

Gbogbo Abà Lànà tọ igi ọ̀pẹ sọdá sí etí títì wá pàdé rẹ̀. Hàjàrá wà níwájú, ó fọwọ́ pa pákó náà lára bí ẹni ń pa ọmọ lára. Níbi tí a wà yìí, nẹ́tíwọ̀kì kì í sọ̀kalẹ̀ wá bá èèyàn, èèyàn ló ń gòkè lọ bá a, nítorí náà Marvellous gun orí pákó, ó so fóònù mọ́ ọ̀pá, ó ki ọ̀pá bọ àárín pákó lókè. Alága gba ìbọn ohùn, ìyẹn ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí Ọlọ́run dá ayé, ó dá odò, ó dá òkè, ó dá ìgbín. Kò dá afárá. Kí ló fà á? Ó ń dúró dè mí ni!"

"Àmín o," ni Baálẹ̀ Lànà wí, kí wọ́n tó rántí pé àdúrà kọ́.

"Afárá tí mo fẹ́ ṣe síbí, bí ará Lọ́ńdọ̀nù bá rí i, wọ́n á fi tiwọn dáná! Èmi kì í sùn. Bí mo bá dijú, Abà Lànà ni mò ń rí. Bí mo bá jẹun, kì í dà nínú mi, nítorí ìyà Abà Lànà!" Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, àga méjì ni wọ́n tò pọ̀ fún un. "Ẹ wo pákó yìí! Kì í ṣe tèmi. Kì í ṣe ti káńsù. Tiyín ni! Ẹ ṣọ́ ọ bí ẹyin ojú yín! Ẹni tó bá jí ẹyọ kan níbẹ̀, ilẹ̀ yìí ò ní í gbè é, kò ní í fi jẹun ọmọ!"

"Ẹ tún un sọ, sà!" Marvellous ké láti òkè. "Nẹ́tíwọ̀kì já níbi ilẹ̀ yìí!"

Alága tún un sọ. Nẹ́tíwọ̀kì tún já. Ó wá fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó fa ohùn yọ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì tún èpè náà ṣẹ́ dáadáa, gbogbo ayé gbọ́ ọ ketekete. Marvellous ju àtàǹpàkò sókè, ó ní ó ti wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ kàn. Ilé Baálẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n Alága wo igi ọ̀pẹ tó dábùú omi, ó ní òun kò lè fi ẹ̀mí ìlú wewu. Ni wọ́n bá ru iyán àti ẹran òyà sọdá wá bá a lábẹ́ igi ìyeyè kan, lẹ́yìn kọ́nà, níbi tí èèyàn kò ti rí odò. Kí ó tó lọ, Marvellous béèrè bóyá kí òun pa fóònù.

"Má pa á," ni Alága wí. "Àwọn tó ń wò ń pọ̀ sí i. Jẹ́ kí wọ́n máa wo pákó."

Báyìí ni àwọn ọlọ́lá láti Ìbàdàn jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní Abà Ògúnlọlá, tí wọ́n ń wo pákó. Ibi tí òṣèlú bá wa dé nìyẹn.

Lábẹ́ igi ìyeyè, àwọn ìjòyè ń yin Alága bó ti ń jẹun. Ọ̀kan ní bó ṣe ń bu iyán, ti ọba ni. Òmíràn ní òun ò tíì rí ẹni tó mọ egungun òyà í fọ́ bẹ́ẹ̀. Alága sín, wọ́n yọ̀ mọ́ ọn.

Létí odò ńkọ́? Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí nìkan ló kù síbẹ̀. Àwọn ni àgbà obìnrin Abà Lànà, ọlọ́ṣun ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀. Èèyàn bíi tèmi àti tiyín, bí olóṣèlú bá ní kí a ṣọ́ nǹkan bí ẹyin ojú, a ó rẹ́rìn-ín, a ó lọ ilé wa. Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní ọmọ tó gbé irú pákó báyìí wá fún ìlú, tó tún fẹnu ara rẹ̀ gégùn-ún fún olè nítorí rẹ̀, kò yẹ kí a jẹ́ kí olè dójú tì í. Ni wọ́n bá lọ wá ìgbálẹ̀ tó ti kù díẹ̀díẹ̀, òòyà tó ti ká léyín, ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo àti àkísà pupa. Wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n gun orí pákó pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, wọ́n so ó mọ́ ọn gbọn-in, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

"Ẹni tó ni ọ́, kó fi ọ́ ṣe rere," ni wọ́n wí. "Ẹni tó bá jí ọ gbé, kí ilé rẹ̀ dá páropáro bíi ṣúkù, kí ayé gbá a dànù bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbálẹ̀." Wọ́n sọ̀kalẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n jókòó sórí òkúta kan.

Ààlè nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá ní òun ò mọ ààlè, kó yé parọ́. Ẹ lè rí igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà, òkìtì iṣu lóko àdádó, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, kìkì bàtà gbígbó kan ló wà lórí rẹ̀, tí àwa tí a mọ̀wé sì ń yà fún un tèrò-tèrò. Ààlè kì í bá olóhun jà. Olè nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Sàníù àti àwọn alááru padà wá kó pákó, ohun tí wọ́n bá nìyẹn. Àwọn alááru kò bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé, inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbà. Sàníù sáré lọ bá Alága.

"Ọ̀gá, pákó ò ṣeé kó mọ́."

"Ó ti wúwo sí i ni?"

"Wọ́n ti fi ààlè sí i."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Alága. "Ààlè kẹ̀? Nínú ayé ọ̀làjú? Tú u dànù, jàre!"

"Èmi kọ́, ọ̀gá. Mùsùlùmí ni mí, mi ò bẹ̀rù òrìṣà, ẹ bi lèmọ́ọ̀mù wa wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òrìṣà. Wọ́n ní kí olè má fọwọ́ kàn án, èmi sì mọ ibi tí mò ń kó o lọ. Àsìtàgàfúrúlà!"

Alága yíjú sí Marvellous. "Ìwọ, ṣebí ọmọ ìjọ ni ọ́. Lọ tú nǹkan yẹn, kó o sì pa fóònù yẹn kíákíá."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù bò mí, sà," ni Marvellous wí, ó sì ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. "Ṣùgbọ́n pásítọ̀ wa sọ pé kì í bo èèyàn nídìí olè. Fóònù yẹn gan-an, sà, kì í ṣe tèmi. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni káńsù rà á fún. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣì máa lò ó ná."

Bí fóònù ṣe dúró sórí pákó nìyẹn, tó la ojú sílẹ̀, tí kò sẹ́ni tó lè pa á. Alága dìde, ó fọ ọwọ́, ó kọjú sí odò, gbogbo abà tẹ̀lé e. Ó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ bá ẹnì kan wí.

"Ìyá," ó wí, "ẹ̀yin lẹ so nǹkan yìí?"

"Èmi ni, Ọnọrébù," ni Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí dáhùn, ẹ̀rín bo ẹnu wọn. "Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́. Ẹ ní ká ṣọ́ ọ, a ti ṣọ́ ọ. Olè kankan ò lè débẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ wá tú u, a fẹ́ máa kó o lọ."

"Ta ló fẹ́ kó o lọ?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá náà, ìyàlẹ́nu ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, Hàjàrá ti já wá síwájú. Kò kúnlẹ̀.

"Ẹ fẹ́ kó o lọ? Lọ síbo, sà?"

"Ikán ni, Hàjàrá," Alága wí. "A fẹ́ fi oògùn ikán kùn ún."

"Ẹ jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ata mi bá ti sọdá! Ata mi ti pọ́n, Ọnọrébù. Ó ti pọ́n tán! Bí ẹ bá kó pákó yìí lọ lónìí, ẹ ti kó èmi àti ọmọ mi lọ nìyẹn. Èmi àti ikán á jọ sọ ọ́. Mo ti bá ohun tó burú ju ikán lọ gbé."

Àwọn ará abà kùn hùn-ùn. Ní Abà Ògúnlọlá, ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní kí wọ́n gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè díẹ̀ sí i.

Lórí Fesibúùkù, ọ̀rọ̀ ti ń ya bí òjò lábẹ́ fídíò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Khàlíl, láti abà tí Alága ti kọjá lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ figbe ta: "Ẹ wo ẹyọ tó wà nísàlẹ̀! Èmi ni mo fi ọ̀dà kọ KHÀLÍL sí i lára lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá fún wa! Pákó wa rèé o!" Ẹlòmíràn ní ti abà àwọn ni. Ẹlòmíràn ní ikán ti jẹ tiwọn tán nìyẹn, kí àwọn yòókù máa rọra. Alága kò rí ọ̀kankan níbẹ̀, nítorí pé lókè ni nẹ́tíwọ̀kì wà, ìsàlẹ̀ ni òun wà.

"Ìyá, mo ní kí ẹ tú u," ó tún wí. "Pákó yìí, èmi ni mo gbé e wá. Èmi ni mo ni ín."

"Háà!" Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wọn balẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ ò wá sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀! Kí ló wá kàn yín nínú ààlè, ọmọ mi? Ààlè kì í mú olóhun. Ṣebí ọmọ Fákọ́ládé ni yín, a ò ní í kọ́ yín. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ kó ohun yín."

Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n fún un láyè. Gbogbo abà sún sẹ́yìn. Mo fi Ọlọ́run búra, kò sí ẹ̀gàn nínú ohun tí ìyá yìí sọ, wọ́n kàn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni.

Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé nǹkan kékeré yìí?" Ó ká ọwọ́ agbádá sórí èjìká. Ó ní òun tí òun ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, òun tí òun ti bá òyìnbó bọwọ́, ṣé ṣúkù àgbàdo ni yóò dá òun dúró? Ó sún mọ́ ọn. Ó gun ẹyọ pákó kan tó yọrí jáde nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí iwájú fóònù gẹ́lẹ́. Ní Abà Ògúnlọlá, ojú náà kún tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀. Ó na ọwọ́.

Ọwọ́ náà dúró lófuurufú.

Ẹ ò mọ ohun tó wá sí i lọ́kàn. Èmi mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Bàbá bàbá rẹ̀ ló rí, níwájú igi obì kan lóko, tó na ìka sí àkísà pupa tí wọ́n so mọ́ ọn, tó ń sọ fún un pé, "Jákọ́bù, bí nǹkan bá jẹ́ tìrẹ, fọwọ́ mú un. Bí kò bá jẹ́ tìrẹ, gba ẹ̀yìn lọ." Ó wá ń ṣírò. Pákó tí káńsù rà fún abà yìí, tó rà fún abà tọ̀hún, tó rà fún gbogbo wọn, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ pákó kan náà. Ibi tí owó ìyókù wọlé sí, òun nìkan àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ó wo ìgbálẹ̀. Ó ronú kan ilé tuntun tó ń kọ́. Ó wo ṣúkù. Ó ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ẹ má rò pé ojú rẹ̀ kò ṣeé káàánú.

"Ẹ gbé e, sà," ni Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí wí, bí ẹni ń gba ọmọ níyànjú.

Alága fa ọwọ́ padà. Ó fi nu agbádá.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó wí.

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Ewúrẹ́ kan ké lókèèrè, wọ́n ní kó dákẹ́. Alága wo ilẹ̀. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn rẹ̀ kéré débi pé ọpẹ́lọpẹ́ ìbọn ohùn tó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ ni a fi gbọ́ ọ.

"Tiyín ni," ó wí.

Ohun tó sọ láàárọ̀ náà nìyẹn o, tó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ìpolówó ni. Lọ́sàn-án yìí, ìjẹ́wọ́ ni, ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hàjàrá bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà.

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní Abà Ògúnlọlá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mu ohun tó kù nínú ife wọn. Ọ̀kan ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Ẹnì kan tó ń bá Alága du tíkẹ́ẹ̀tì, tó ti jókòó sẹ́yìn láti àárọ̀ láìsẹ́ni tó kí i, rí i lójijì pé gbogbo ènìyàn ló ń kí òun. Nígbà tí Alága fi dé ibẹ̀ láìní pákó lẹ́yìn, wọ́n ti ń ká àtíbàbà.

Marvellous fi ìwé kan síta lálẹ́ ọjọ́ náà pé àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá da ojú àti ohùn Alága rú, pé ọwọ́ tí ayé rí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwọn abà yòókù kò tilẹ̀ kà á. Wọ́n ti tò sí ẹnu ọ̀nà káńsù, olúkúlùkù ń bi wọ́n pé oògùn ikán tiwọn ńkọ́, ṣé kò tíì gbẹ. Ẹjọ́ náà le débi pé àwọn tó ń kọ orin fún Alága yí orúkọ inú orin padà kíá, wọn ò yí ohùn rẹ̀. Àga bọ́. Gúrúùpù Ìdílé Ọnọrébù di Ìdílé Ọnọrébù Tuntun, wọ́n sì tún fi gbogbo wa sínú rẹ̀ láìbéèrè. Bí mo ṣe ń kọ eléyìí, mo fẹ́ wo fídíò kan, ojú mìíràn ti kọ́kọ́ yọ sí mi, ó ní ẹ kú iṣẹ́.

Ní ti pákó, kò tún rìn mọ́. Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí fi ọwọ́ ara wọn tú ààlè, àwọn ọkùnrin abà kàn án mọ́ òpó tó dára, afárá sì dúró. Ọkọ̀ Sàníù ló kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ó kó ata Hàjàrá lọ sí Ṣáṣá nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ṣì ń dán, Hàjàrá sì jókòó níwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Wọn kò fọ abọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọ̀kadà kan já sí etí odò náà láàárọ̀. Jacob Fákọ́ládé ló gbé. Ó ti fẹ́ wọ ẹgbẹ́ mìíràn, ó sì ń lọ bẹ Baálẹ̀ Lànà pé kí wọ́n bá òun dá sí i. Kò sí Marvellous, kò sí ìbọn ohùn. Bí táyà iwájú ṣe kan pákó, ó pariwo pé kí ọlọ́kadà dúró, ó bọ́ sílẹ̀. Ọlọ́kadà wò ó, ó gun afárá kọjá, ó lọ dúró dè é ní òdìkejì. Hàjàrá ń bọ̀ láti ibẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata lórí.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó kí i. "Ẹ máa kọjá."

"Hàjàrá, ṣé wọ́n ti tú u?"

"Kí ni, sà?"

"Nǹkan yẹn. Ààlè."

"Láti ọjọ́ tí a ti kan pákó ni Ìyá ti tú u. Gbogbo ayé ló ń kọjá níbẹ̀. Ewúrẹ́ ń kọjá. Ẹ máa bọ̀, sà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Ó wo pákó náà títí. Ó wo Hàjàrá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká sòkòtò sókè, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ afárá wọ inú omi. Hàjàrá dúró láàárín afárá pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń wò ó bó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ títí ó fi gòkè sí ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà. Odò Ìgbín kì í jìn lẹ́ẹ̀rùn, orúnkún ni omi mù ún dé.